Kánsẹ́lọ̀ ní Òṣogbo: ìjọba, aládàáni, yunifásitì tàbí ọ́fíìsì tara ẹni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé Guidance and Counselling, àti ẹ̀yin tíṣà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wá kọ́ọ̀sì tí yóò kà ló ń jẹ yín lọ́kàn ju ṣọ́ọ̀kì àti pátákó lọ, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní Òṣogbo, ibi mẹ́rin ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀, ìyẹn olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́, jẹun: ilé-ìwé girama ìjọba, ilé-ìwé aládàáni, yunifásitì, àti ọ́fíìsì tara ẹni. Ẹ̀ka karùn-ún wà, ti àwọn éjẹ́ǹtì tó ń rán ọmọ lọ sókè òkun. Màá sọ ibi tí mo fi ìyẹn sí.

Owó oṣù ni àwọn tó ń wáṣẹ́ kọ́kọ́ ń béèrè. Kò burú, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: ta ló máa san owó náà, kí ló sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín? Ìjọba ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó ni ilé-ìwé aládàáni fẹ́ gbọ́ orúkọ yunifásitì tó máa tẹ̀ sára bánà. Òbí tó wọ ọ́fíìsì yín fẹ́ gbọ́ “Medicine”. Yunifásitì òkè òkun tó ń sanwó fún éjẹ́ǹtì fẹ́ gbọ́ pé ọmọ ti san owó ilé-ìwé. Ibi tí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ bá ti yà kúrò lára ohun tó dáa fún ọmọ, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà máa tẹ́ yín lọ́rùn.

Irú iṣẹ́ wo gan-an ni?

Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìwé girama tó bá rí owó ná máa ń ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó bá ọmọ wá yunifásitì lọ. Òun ló ń kọ lẹ́tà tó ròyìn ọmọ, òun ló ń fi máàkì ránṣẹ́, òun ló ń ṣàlàyé irú ilé-ìwé tí ọmọ ti jáde. Ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ilé-ìwé lọ́hùn-ún ní kánsẹ́lọ̀ kan sí ọmọ 250 ló yẹ. Ẹ má gbé òṣùwọ̀n yẹn wọ ilé-ìwé ìjọba níbí o, ẹ ó kàn ba inú ara yín jẹ́ ni.

Tiwa náà ti pẹ́ díẹ̀. Lọ́dún 1959, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn tó mọ̀ nípa oríṣiríṣi iṣẹ́ jọ láti wá bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta girama, mẹ́rin yunifásitì) wọlé ní 1982, iṣẹ́ náà kúrò ní fàájì, torí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa bá ọmọ JS3 wò ó bóyá sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmáṣà ló bá a mu.

Ti ìwé ẹ̀rí ò gba àlàyé púpọ̀. B.Ed jẹ́ ọdún mẹ́rin fún ẹni tó gba UTME (ìdánwò JAMB) wọlé, mẹ́ta fún ẹni tó gbé NCE wá. Yunifásitì Ìbàdàn àti ti Ìlọrin wà lára àwọn tó ń kọ́ ọ. Ẹni tó ka nǹkan mìíràn lè ṣe PGDE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́ fún ẹni tó ti gba dígírì mìíràn), kó wá fi M.Ed lé e. Ẹ fi ìforúkọsílẹ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀, kún un. Ìmọ̀ràn kan péré ni mo ní níbi yìí: wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ ẹ lè kọ́ mọ́ Counselling. Ẹ mú èyí tí àwọn ilé-ìwé ń wá olùkọ́ rẹ̀ tí wọn ò rí, bí Ìṣirò tàbí English. Òun ló máa jẹ́ kí wọ́n gbà yín, kánsẹ́lọ̀ inú yín á wá bá a wọlé.

Ìjọba

Ẹni tó bá fi B.Ed wọṣẹ́ ìjọba ń bẹ̀rẹ̀ láti Level 08, oní-NCE láti Level 07. Owó náà ò pọ̀, àmọ́ ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì wà nídìí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kàn sọ fún yín pé owó ìjọba kì í dá dúró. Ẹ bi àwọn tó ṣiṣẹ́ fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láàárín 2015 sí 2018 nípa owó oṣù ìdajì, wọ́n á sọ fún yín bí wọ́n ṣe jẹun.

Àǹfààní tó wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn ni pé ẹ lè sòótọ́. Kò sí purinsípà tó máa lé yín lọ torí pé ẹ sọ fún ọmọ kan pé Medicine kọ́ ni tirẹ̀. Kò sí òbí tó máa ní òun fẹ́ gba owó òun padà.

Ohun tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ò ní kọ síbẹ̀ ni pé ẹ ó máa kọ́ni. Olùkọ́ ò tó, nítorí náà Civic Education á bọ́ sí yín lọ́wọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú nǹkan mìíràn. Ẹ wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Píríọ́dù méjì àkọ́kọ́, ẹ wà ní SS1. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn wí. Ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé yàrá yín, tó tún jẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìdánwò àtijọ́ sí, tí ẹsẹ̀ àga kejì sì ti yẹ̀, ọmọ mẹ́ta ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan fẹ́ kúrò ní sáyẹ́ǹsì, kò sì fẹ́ kí bàbá òun gbọ́. Ọ̀kan ò tíì rí owó WAEC san. Ẹ̀kẹta ò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó, ó ń fi èékánná họ etí tábìlì. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún ọmọ kẹta yẹn, kó má dá iṣẹ́ yìí dábàá rárá.

Àwọn kan rò pé SS3 ni kánsẹ́lọ̀ ìjọba ti ń ṣe bẹbẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. JS3 ni, nígbà tí wọ́n ń pín ọmọ sí kíláàsì. Ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe Nursing, tó sá fún Physics láti SS1 torí tíṣà tó ń nà wọ́n, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún un ní SS3 mọ́: Physics, Chemistry àti Biology ni JAMB ń béèrè fún Nursing mọ́ Use of English. Ẹni tó fẹ́ ka Law kò lè fi Literature sílẹ̀. Ẹni tó ń wá Accounting gbọ́dọ̀ mú Ìṣirò àti Economics. Ìdajì wákàtí pẹ̀lú ọmọ JS3 àti ìyá rẹ̀ lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọdún méjì tí wọn ì bá fi máa tún JAMB ṣe. Ilé-ìwé ìjọba lẹ ti máa rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé wọn tó wọ yunifásitì rí.

Aládàáni

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba báyìí. Ní ilé-ìwé aládàáni tó dáa, ní àdúgbò bí Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fìà, ọmọ SS3 ò pọ̀. Ẹ mọ orúkọ gbogbo wọn, ẹ mọ mọ́tò tó ń gbé wọn wá. Yàrá yín ní fáànù, ó lè ní ẹ̀rọ amúlétutù, íntánẹ́ẹ̀tì wà. Àwọn òbí ń wá tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, nígbà mìíràn wọ́n á wá láìpè.

Owó oṣù wọn ò rí bákan náà. Àwọn kan ń san ju ìjọba lọ. Àwọn kan wà, tí géètì wọn ga tí kíláàsì wọn ń dán, tí owó tíṣà wọn ò tó 70,000 náírà tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024. Ẹ béèrè nípa oṣù kẹjọ: ṣé wọ́n ń san owó ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, àbí ìdajì? Ìdáhùn sí ìyẹn á sọ púpọ̀ fún yín nípa ilé-ìwé náà.

Bánà ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ọmọ tó gba Medicine ni wọ́n ń tẹ àwòrán rẹ̀ sára bánà, kì í ṣe ọmọ tó gba Agricultural Economics tí inú rẹ̀ ń dùn. Ní ìpàdé òpin ọdún, ohun tí wọ́n máa bi yín ni, “Mélòó la ní ní Medicine? Mélòó ní Law?” Kánsẹ́lọ̀ tí kò bá rọra, láìpẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ síbi tí kò lè ré kọjá. Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ: àwọn ilé-ìwé kan ń wá ibi tí WAEC ti “rọrùn” fún àwọn ọmọ wọn, wọ́n sì máa fẹ́ kó jẹ́ kánsẹ́lọ̀ ló bá àwọn òbí sọ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ fìrí rẹ̀ níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ dìde.

Ibi kan wà tí aládàáni ti fi ìjọba sẹ́yìn pátápátá, ìyẹn iṣẹ́ òkè òkun. Ọmọ tó ń wá yunifásitì Amẹ́ríkà nílò ẹni tó máa kún apá ti kánsẹ́lọ̀ nínú Common App, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ yunifásitì níbẹ̀ jọ ń lò. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń ti ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́, àwọn mìíràn di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, bẹ́ẹ̀ ọmọ SS3 ò tíì jókòó fún WAEC nígbà náà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ irú máàkì tẹ́ ẹ rò pé ó máa gbà, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ lẹ́tà. Níbi tí kò bá ti sí kánsẹ́lọ̀, purinsípà ló ń kọ ọ́, ohun tó sì máa ń kọ ni pé ọmọ náà gbọ́ràn, ó ń bọ̀wọ̀ fágbà, ó sì mọ́ tónítóní. Ó dùn-ún gbọ́ létí wa, àmọ́ kò sọ ohun kan fún ẹni tó ń kà á ní Ohio. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà tó fi ọmọ hàn gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, pé òun ló tún ẹ̀rọ omi ilé-ìwé ṣe nígbà tó bàjẹ́, pé òun ló ń kọ́ àwọn àbúrò mẹ́ta ní Ìṣirò lálẹ́, ilé-ìwé aládàáni ni àyè rẹ̀ wà.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ yan láàárín méjèèjì: ẹni tó fẹ́ran ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò lẹ́ni, ìjọba. Ẹni tó fẹ́ bá ọmọ kan rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, aládàáni. Ẹni tí kò bá lè sọ “rárá, sà” fún ọ̀gá rẹ̀, kó dákun máa lọ sí ti ìjọba.

Yunifásitì

UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, ní olú-ilé rẹ̀ níbí. Fountain University ti ẹgbẹ́ NASFAT wà ní Òkè-Ọ̀ṣun láti 2007. Ẹdẹ ò jìnnà, Redeemer's, Adeleke àti Federal Polytechnic wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àyè iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ nínú gbogbo wọn kéré, wọn kì í sì í tètè ṣí. Ẹni tó ní M.Ed ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ náà yàtọ̀. Ọmọ ti wọlé, ọ̀rọ̀ ibi tó máa lọ ti parí. Ohun tó ń gbé wọn wá ni CGPA (máàkì àpapọ̀ wọn) tó já wálẹ̀, kọ́ọ̀sì tí bàbá yàn tí ọmọ kò lè gbé mọ́, oyún, igbó mímu, owó NELFUND (owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́) tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè, àti ìdánìkanwà tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kì í wá títí lẹ́tà ìkìlọ̀ á fi jáde. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni ìkọ̀kọ̀: ọ́fíìsì kan náà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jẹ wọ́n níyà, ẹ sì lè bá ara yín láàárín ọmọ tó sọ àṣírí fún yín àti ìgbìmọ̀ tó fẹ́ mọ orúkọ.

Ẹ tún rántí pé kámpọ́ọ̀sì mẹ́fà ni UNIOSUN ní. Ẹni tí wọ́n gbà ní Òṣogbo lè bá ara rẹ̀ ní Ìkirè, Òkukù, Èjìgbò, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà tàbí Ifẹ́tẹ̀dó. Ifẹ́tẹ̀dó kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́.

Ọ́fíìsì tara ẹni

Èyí ló ń wu àwọn ọ̀dọ́ jù, òun náà ló sì máa ń kán wọn lápá. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìwé ẹ̀rí kẹ́ ẹ tó so pátákó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀láìyá. Ìyẹn gan-an ni àbùkù ọjà náà, torí onírúurú ènìyàn ló ti so tiwọn mọ́bẹ̀ ṣáájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń lọ. Ìyá kan wọlé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Ọmọ gba 212 nínú 400, Medicine ní Ìbàdàn ló kọ sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta lẹ mọ̀ nínú ibẹ̀?”

“Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èsì WAEC rẹ̀.”

“Bọ̀dá kan ní òun ní ẹni. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà ló ní ká mú wá.”

Gbogbo iṣẹ́ yín ń bẹ nínú ohun tẹ́ ẹ máa sọ tẹ̀ lé e. Ẹni tó mọṣẹ́ máa ṣàlàyé pé yunifásitì ìjọba àpapọ̀ ní bí ètò ṣe sọ pé kí wọ́n máa pín àyè: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún máàkì lásán, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀, Ọ̀ṣun kò sì sí lára àwọn tó gbẹ̀yìn yẹn. Á sọ pé 212 kò lè bá àwọn olówó máàkì du Medicine, àmọ́ pé kọ́ọ̀sì mìíràn wà tí Biology àti Chemistry ọmọ náà lè gbé e dé. Á wo CAPS, ojú-òpó JAMB tí wọ́n ti ń fún ọmọ láyè, bóyá wọ́n ti gbé èsì WAEC ọmọ sí i. Láti ìgbà tí JAMB ti gbé CAPS dé ní 2017, àwọn ọmọ kan ti pàdánù àyè wọn torí pé èsì wọn kò sí níbẹ̀, tàbí torí pé wọn ò tẹ “accept” nígbà tó yẹ. Ohun tí ènìyàn lè fi ìka kan yanjú ni, àmọ́ wọn ò mọ̀.

Ìyá náà lè dúpẹ́ kó sì lọ bá bọ̀dá náà. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù.

Ní ti owó, ẹ má rò pé ẹ máa rí i nídìí fọ́ọ̀mù JAMB. Àwọn ibùdó CBT (ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí nìkan ló lè forúkọ ọmọ sílẹ̀, kafé ẹ̀gbẹ́ títì kò láṣẹ mọ́. Ìmọ̀ràn lẹ ń tà, a kì í sì í fẹ́ sanwó fún ìmọ̀ràn nílẹ̀ yìí, a gbà pé ẹnu lásán ni. Nítorí náà, ẹ sọ iye yín kí òbí tó jókòó, kẹ́ ẹ sì so ó mọ́ ohun tó lè fọwọ́ kàn: ìwé kan tó to sọ́bújẹ́ẹ̀tì ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀sì tó ń wá, orúkọ yunifásitì mẹ́rin pẹ̀lú ìdí kọ̀ọ̀kan, àti pé ẹ ó máa bá wọn wo CAPS títí àyè fi jáde. Oníṣẹ́ ìgbà ni yín. Láti oṣù kìíní tí ìforúkọsílẹ̀ UTME ń bẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà post-UTME (ìdánwò tí yunifásitì fúnra rẹ̀ ń ṣe), ẹ ò ní sinmi. Lẹ́yìn náà ọ́fíìsì á dákẹ́, owó ilé kò sì ní dákẹ́. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa ní ilé-ìwé aládàáni bíi mélòó kan tó ń pè é wá bá ọmọ JS3 àti SS2 sọ̀rọ̀ láwọn oṣù yẹn.

Éjẹ́ǹtì wá ńkọ́?

Owó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Yunifásitì òkè òkun ló ń san án lórí orí ọmọ tó bá forúkọ sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí yunifásitì sanwó bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ ilẹ̀ wọn, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda. NACAC, ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ta ko àṣà náà títí di 2013 kó tó gbà á fún ọmọ ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ ti rí i pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ohun kan ń rùn níbẹ̀.

Ọjà náà sì ń yí padà láìsọ tẹ́lẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà kó tó di oṣù kẹfà 2023 kọjá 1,500 nígbà tó di 2024. Oṣù kìíní 2024 yẹn kan náà ni ìlú ọba ní ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn éjẹ́ǹtì tó gbójú lé àwọn oní-Master's tó ń kó ẹbí lọ mọ̀ ọ́n lára. Mi ò fi í sí àárín iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ torí pé ọjà títà ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, kò sí aburú, kẹ́ ẹ ṣáà ti sọ fún òbí lójú méjèèjì ẹni tó ń sanwó fún yín.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC: ẹ wá ilé-ìwé aládàáni tó ti ní kánsẹ́lọ̀ àgbà, kẹ́ ẹ lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kódà bí owó rẹ̀ bá kéré díẹ̀. Ẹ má fi ọ́fíìsì tara ẹni bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ìjọba tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́: ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣe M.Ed ní òpin ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ bẹ purinsípà kó jẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó ọ̀rọ̀ JS3. Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ tó ń wá iṣẹ́ tó máa jẹ́ kó tètè délé, ìjọba ló sàn fún un, bó bá rí i. Ẹni tó ti ní M.Ed tó sì lè pa àṣírí mọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ àti lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, kó máa tẹ́tí sí yunifásitì. Ọ́fíìsì tara ẹni wà fún ẹni tí àwọn òbí ti mọ̀ kó tó so pátákó mọ́bẹ̀.

Ibikíbi tí wọ́n bá ti pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Píríọ́dù mélòó ni mo máa kọ́ lọ́sẹ̀? Ta ló ń ka fáìlì tí mo bá kọ nípa ọmọ? Ṣé yàrá tí wọ́n fẹ́ fún mi ní ìlẹ̀kùn tó ń tì? Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lo igun kan nínú ọ́fíìsì bọ́sà ná, ẹ bi wọ́n ìgbà tí “ná” yẹn máa parí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà.